A Dúpẹ́ Lọ́wọ́ Ọsibítù

Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí, àwo onílé-onílé ṣì kún orí tábìlì ìdáná Attracta Geraghty. Àwo táàtì ápù wà níbẹ̀, àwo pẹrẹsẹ tí wọ́n fi gbé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wá wà níbẹ̀, abọ́ gíláàsì tí ẹnì kan fi gbé sàláàdì tí ẹnikẹ́ni ò jẹ wá náà wà níbẹ̀. Wọ́n lẹ pílásítà mọ́ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, wọ́n sì kọ orúkọ onílé sí i. Ní Cloonfarrell tiwa níbí, bí èèyàn bá kú, wàá gbé oúnjẹ lọ, wàá sunkún, wàá mu tíì olóòkú títí ikùn rẹ á fi máa pariwo, ṣùgbọ́n àwo rẹ gbọ́dọ̀ padà wálé, kò sì gbọdọ̀ padà lófìfo. Ìdí nìyẹn tí Attracta fi ń yan kéèkì láti ìgbà tí wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀, bí ẹni tó ń múra ìgbéyàwó.

Ara rẹ̀ kò balẹ̀. Á gbé àwo kan, á nù ún, á tún dá a padà síbi tó wà. Á lọ sẹ́nu fèrèsé, á wo àwọn màlúù tó kóra jọ sẹ́nu géètì tí wọ́n ń retí ọkùnrin tí kò ní wá mọ́, á sì padà wá gbé àwo mìíràn.

"Mọ́mì, ẹ jókòó jàre," ni Gráinne ọmọ rẹ̀ sọ.

Gráinne ń lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Ọsibítù ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń ran àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Òun ló ń wẹ aláìsàn, òun ló ń fi ṣíbí bọ́ arúgbó, òun ló ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀sán òní ló máa kọ́kọ́ padà síṣẹ́ láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, ọsibítù yẹn kan náà ni bàbá rẹ̀ sì kú sí.

"Bí mo bá jókòó, n ò ní lè dìde mọ́," ni Attracta dá a lóhùn.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí, Festus wọlé. Omi ń kán lára fìlà rẹ̀, ó sì ti ìwé kan bọ abẹ́ kóòtù kí òjò má bàa rin ín. Festus ni ẹ̀gbọ́n Malachy tó kú. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi ṣe tíṣà nílé ìwé Cloonfarrell, nítorí náà Ọ̀gá ni gbogbo wa ń pè é, títí kan ìyàwó àbúrò rẹ̀. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, òun ló ń bá gbogbo ìjọ kọ ọpẹ́ òkú sínú ìwé ìròyìn. Kò sí ẹni tó kú nílùú yìí tí Ọ̀gá kò bá ẹbí rẹ̀ dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń kọ, orúkọ nìkan ló ń pààrọ̀.

"Bó bá ti di ọ̀sán gangan, wọn ò ní gba ọ̀rọ̀ kankan mọ́ sínú ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ yìí," ló wí, kò tíì bọ́ kóòtù. "Bí a ò bá bá ti ọ̀sẹ̀ yìí, Mísà oṣù kan tí Malachy kú á ti kọjá kí ọpẹ́ tó jáde. Ojú wo la máa fi wo àwọn èèyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Ẹ mu tíì ná, Ọ̀gá."

"Ká parí eléyìí ná."

Ó fa àga, ó nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé bí ẹni tó wà níwájú àwọn ọmọ kíláàsì.

"'Attracta àti Gráinne, ìyàwó àti ọmọ olóògbé Malachy Geraghty, pẹ̀lú Festus ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ń dúpẹ́ tọkàntọkàn lọ́wọ́ gbogbo àwọn tó bá wọn kẹ́dùn. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó wá sílé, àwọn tó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó sin òkú dé ibojì, àti àwọn tó fi káàdì Mísà ránṣẹ́. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò tó gbé oúnjẹ wá, àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀, àti àwọn tó darí mọ́tò. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Fadá fún Mísà tó wọni lọ́kàn, àti ẹgbẹ́ akọrin fún orin wọn. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn dókítà, àwọn nọ́ọ̀sì àti gbogbo òṣìṣẹ́ ọsibítù fún ìtọ́jú àrà ọ̀tọ̀ tí wọ́n fún Malachy...'"

"Ẹ yọ ìyẹn."

Àyọ́nù Gráinne dúró lójú kan.

"Kí ni kí n yọ?" ni Festus béèrè.

"Ọsibítù. Ẹ yọ ọ́."

"Attracta, bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń yọ ọ́. Àwọn Lavelle ò yọ ọ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹsẹ̀ tí kò ṣe nǹkan kan ni wọ́n là fún bàbá wọn."

"Ìtọ́jú àrà ọ̀tọ̀," ni Attracta tún wí. "Òótọ́ lẹ sọ, àrà ọ̀tọ̀ ni. Orí bẹ́ẹ̀dì onítáyà ni wọ́n tẹ́ ọkọ mi sí ní kọ́rídọ̀, lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtọ̀, bí ẹrù tí olówó rẹ̀ gbàgbé. Gbogbo ẹni tó bá ń lọ tọ̀ ló ń fara gbá a. Iná ò kú lórí ẹ̀ tọ̀sán tòru. Malachy tí kì í bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì níwájú èmi ìyàwó rẹ̀, ó ń tọ̀ sínú ìgò lójú àwọn tó ń mu kọfí. Ẹ wá ní kí n máa dúpẹ́."

"Wọ́ọ̀dù ló kún. Wọ́n sa gbogbo ipá wọn."

"Ta ni 'wọ́n'?"

Festus bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó tún un wọ̀. "Bí a bá ń sunkún, à máa ríran, Attracta. Ọmọ ẹ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìwé iṣẹ́ ẹ̀ máa parí lóṣù tó ń bọ̀, ọwọ́ wọn ló sì wà bóyá wọ́n á fún un ní òmíràn. Gbogbo ọ̀gá ibẹ̀ ló ń ka ìwé ìròyìn yìí. Wọ́n á rí i pé o dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń darí mọ́tò, o ò dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni."

"Ọ̀gá, ta ló ṣoore níbẹ̀? Ta sì ni wọ́n kó lẹ́rù lọ?"

Attracta gba bírò lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ó fa ìlà gbọọrọ sórí gbólóhùn ọsibítù, ó fà á lẹ́ẹ̀kejì, ìwé náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ya.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí Concepta, obìnrin ilé kejì, fi kan fèrèsé tó sì wọlé láìdúró de ìdáhùn. Àwo rẹ̀ ló ní òun wá gbà. Ta ni kò mọ̀ pé àwo kọ́ ló wá gbà?

"Mo ní kí n wá gbé e kó má bàa máa dí yín lọ́wọ́. Attracta ọ̀rẹ́ mi, ojú ẹ ti wọnú! Gráinne, ṣé ìyá ẹ ń jẹun? Ọ̀gá, ẹ káàárọ̀ o. Àbí ọpẹ́ lẹ̀ ń kọ?"

Ó ti fa àga, ó ti bu tíì, ó ti bu mílíìkì sí i, kò tíì sẹ́ni tó sọ fún un pé kó jókòó.

"Ẹ ṣáà má dárúkọ ẹnikẹ́ni o," ló ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ẹ ò rántí àwọn Heneghan nígbà tí bàbá wọn kú? Wọ́n ní àwọn ò ní sọ pé èèyàn pọ̀ ju ohun tí àwọn lè kà lọ, ó di dandan kí àwọn dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ló bá di pé wọ́n dárúkọ Fadá, wọ́n dárúkọ onípósí, wọ́n dárúkọ dókítà màlúù. Jarlath tó dúró nínú òjò láàárọ̀ ṣúlẹ̀ tó ń darí mọ́tò, wọ́n gbàgbé ẹ̀! Ìgbà tí ìyá wọn wá kú ńkọ́? Jarlath jókòó sílé, ó ń wo bọ́ọ̀lù. Mọ́tò tó wọ kòtò lọ́jọ́ yẹn ò kéré. Ti Fadá gan-an wà ńbẹ̀, ìdí ẹ̀ lókè, orí ẹ̀ nísàlẹ̀."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Gráinne. Ó wo ìyá rẹ̀, ó sì gbé ẹ̀rín náà mì.

Ojú Concepta kò fẹ́ gíláàsì bó bá di ti ìwé tí wọn ò fi lọ̀ ọ́. Ìwé náà dojú kọ Festus, ṣùgbọ́n ó kà á láti òdìkejì tábìlì.

"Ẹ fa ìlà sórí ọsibítù," ló sọ jẹ́jẹ́.

Festus wo òrùlé. Attracta ń nu àwo tó ti nù tẹ́lẹ̀.

"Malachy ṣáà rọra lọ ni," ni Concepta sọ. "Ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ nìyẹn. Pé wọ́n tọ́jú ẹ̀ dáadáa."

"Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo èèyàn."

"Ìwọ wá síbẹ̀, Concepta. O gbé àjàrà wá fún un. O ò rí tábìlì tó o máa gbé e lé, o gbé e lé e láyà. O rí ibi tó wà."

Concepta ń fi ṣíbí ro tíì tí kò fi ṣúgà sí. "Mo rí i," ló wí. Ó gbé ṣíbí náà kalẹ̀, ó ní, "Ṣùgbọ́n Enda ọkọ mi ń lọ síbẹ̀ lọ́jọ́bọ̀. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ìbàdí ẹ̀ yẹn. O mọ bó ti pẹ́ tó tá a ti ń retí kí wọ́n pè é, tó ń fi ìdí wọ́ lọ sílé ìtọ̀. Bí wọ́n bá wá rí i nínú ìwé ìròyìn pé abaraámóorejẹ làwa ará Cloonfarrell... Mi ò sọ pé wọ́n á ṣe nǹkan kan fún un o. Mo kàn ń sọ ni. Àwa náà ṣì ń lọ síbẹ̀, Attracta."

Ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń bí èèyàn nínú jù. Concepta kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ̀rù ló ń bà á. Láti ìgbà tí a ti ń ṣiṣẹ́ la ti ń san owó orí, owó wa ni wọ́n fi kọ́ ọsibítù yẹn, síbẹ̀ bí a bá débẹ̀, ńṣe là ń ṣe bí alágbe tó dúró lẹ́nu ọ̀nà olówó. Wọ́n fún wa ní bẹ́ẹ̀dì, a dúpẹ́. Wọn ò fún wa ní bẹ́ẹ̀dì, a tún dúpẹ́. A ń fi ọpẹ́ òkú tiwa bẹ̀bẹ̀ fún aláìsàn ẹlòmíràn, kí wọ́n má bàa bínú sí ẹni tó kàn. Àwọn tó yẹ kó tijú wà ní ọ́fíìsì wọn, wọ́n ń ka ọpẹ́, inú wọn ń dùn.

Attracta gé kéèkì kan, ó fi bébà wé e, ó gbé e sórí àwo Concepta, ó sì nawọ́ rẹ̀ sí i. Concepta mọ̀ pé wọ́n ní kí òun máa lọ nìyẹn. Ó fọwọ́ kan Attracta léjìká, ó jáde, kò sì tíì dé géètì tó ti ń wá fóònù nínú àpò.

"Ó ti parí," ni Festus wí. "Kí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó lù, gbogbo ìjọ á ti gbọ́. Attracta, jẹ́ ká wá ọ̀nà àárín. A ó yọ 'àrà ọ̀tọ̀'. A ó kàn kọ 'ìtọ́jú'. Ta ló máa rí i?"

"Èmi máa rí i."

"O ti le jù! Malachy ò ní fẹ́ ariwo. O mọ̀ pé kì í fẹ́ ariwo."

"Ẹ̀yin lẹ ò fẹ́ ariwo!" Attracta gbé àwo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀ gbàgà. "Mo dìde lórí àga oníke tí mo jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, mo fẹ́ lọ bá ọ̀gá wọn, kí wọ́n wá ibi tó ní kọ́tìnì fún un. Ta ló fà mí láṣọ? Ẹ ní, 'Jókòó, má dójú tì wá, gbogbo ìlú ló wà níbí.' Mo jókòó. Mo dákẹ́. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ó bá mi dákẹ́ lóòótọ́, Ọ̀gá. Ó dákẹ́ pátápátá."

Festus, tó máa ń rí ọ̀rọ̀ sọ fún òkú gbogbo ìjọ, ń fi àtàǹpàkò ra etí ìwé náà, òjò sì ń lu fèrèsé.

"Mọ́mì," ni Gráinne sọ, "ẹ má yọ ọ́."

Attracta yíjú sí i bí ẹni tí wọ́n gbá létí. "Ìwọ náà? Nítorí iṣẹ́?"

"Mi ò ní purọ́, iṣẹ́ ń bà mí lẹ́rù. Mo ṣì ń san gbèsè mọ́tò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí iṣẹ́. Torí Bincy ni."

"Ta ló ń jẹ́ Bincy?"

"Nọ́ọ̀sì ni. Ará Íńdíà. Kúkurú kan báyìí tó máa ń wọ súẹ́tà lórí aṣọ iṣẹ́ nítorí òtútù ẹnu ọ̀nà yẹn." Gráinne gbé àyọ́nù dúró, ó tẹjú mọ́ kọ́là aṣọ tó ń lọ̀. "Nígbà tí ẹ lọ sílé láti lọ fún màlúù lóúnjẹ, òun ló ránṣẹ́ pè mí ní wọ́ọ̀dù òkè níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, Dádì ti ń lọ. Kọ́tìnì ò sí. Kọ́tìnì onítáyà tí wọ́n máa ń tì kiri, wọ́n ti gbé e lọ fún ẹlòmíràn. Àwọn èèyàn ń kọjá, Mọ́mì. Ọkùnrin kan jókòó sọ́ọ̀ọ́kán wa, ó ń jẹ ìpápánu nínú ọ̀rá, ó ń wò wá. Ó ń jẹ, ó ń wò. Bincy bá mú bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sókè, ó dúró síwájú wa. Ó kọ ẹ̀yìn sí wa kí òun náà má bàa wò wá. Wọ́n ń pe orúkọ ẹ̀, fóònù ń dún, ẹnì kan tiẹ̀ ń bú u pé kí ló dúró ń ṣe níbẹ̀. Kò mira. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí Dádì fi lọ tán. Nígbà tó wá sọ ọwọ́ ẹ̀ kalẹ̀, ó ní, 'Má bínú, mi ò ga tó.'"

Attracta fọwọ́ wá àga lẹ́yìn rẹ̀, ó jókòó. Láti àárọ̀, ìgbà tó kọ́kọ́ jókòó nìyẹn.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Mi ò fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kọ́tìnì ò sí."

Omijé gba ojú ìyá, kò sì pariwo. Ó kàn ń ṣàn ni, ó sì ń fi aṣọ tó fi ń nu àwo nù ún. Festus ti yíjú sí ògiri.

"Bincy máa ń ra ìwé ìròyìn yẹn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀," ni Gráinne ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Gbogbo wọn ló máa ń wò ó. Wọ́n á gé ọpẹ́ yẹn, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí wọ́n ti ń mu tíì. Ìyẹn nìkan ni wọ́n ń rí gbà. Bí ẹ bá yọ ọsibítù, àwọn ọ̀gá á bínú díẹ̀, wọ́n á gbàgbé. Bincy ni kò ní gbàgbé."

Festus yíjú padà kíákíá. "Ṣé o gbọ́? Ọmọ fúnra ẹ̀ ní kó o fi í síbẹ̀. Jẹ́ kí n tún un kọ bó ṣe wà."

Attracta kò wò ó. Ọmọ rẹ̀ ló ń wò. "Gráinne, ta ni wọ́n gbé síbi tí bàbá ẹ wà lẹ́yìn tó lọ?"

"Mọ́mì..."

"Ìbéèrè ni mo bi ọ́."

"Mo padà lọ mú súẹ́tà Dádì tá a gbàgbé. Kí n tó débẹ̀, wọ́n ti gbé ìyá arúgbó kan síbẹ̀. Wọ́n ò tíì nu ilẹ̀ tán. Ibẹ̀ kì í ṣófo, Mọ́mì."

Attracta dìde. Ó lọ bọ́ ojú rẹ̀ ní ẹ̀rọ omi, ó nu ọwọ́, ó sì gbé fóònù.

"Jẹ́ kí n bá ẹ pè wọ́n," ni Festus wí. "Èmi ni wọ́n mọ̀ níbẹ̀."

"Ẹ ṣeun, Ọ̀gá. Mo lẹ́nu."

"Ẹ má dárúkọ Bincy o, Mọ́mì," ni Gráinne sọ wéréwéré. "Wọ́n á ní òun ló ń tú àṣírí. Bó bá kà á, á mọ̀ pé òun ni."

Ọmọbìnrin kan gbé fóònù ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Ohùn rẹ̀ tutù, ó kí Attracta kú ọ̀fọ̀, ó ní òun ti ń retí Ọ̀gá láti àárọ̀. Attracta fa ìwé Festus mọ́ra, ó fo àwọn orúkọ tó wà lókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó wá sílé àti àwọn tó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dúpẹ́ fún káàdì Mísà àti oúnjẹ. Kò yọ àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀, kò yọ àwọn tó darí mọ́tò, kò yọ Fadá àti àwọn akọrin. Ìró títẹ̀ ń dún láti òdìkejì, táká-táká-táká. Nígbà tó dé ibi tó fa ìlà sí, ó ti ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Máa kọ èyí bí mo ṣe ń sọ ọ́," ló wí. "'Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ na bùláńkẹ́ẹ̀tì sókè kí Malachy lè rí ibi ìkọ̀kọ̀ kú sí, àti lọ́wọ́ gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó tọ́jú rẹ̀ ní kọ́rídọ̀ ọsibítù, lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtọ̀, níbi tó dùbúlẹ̀ sí láti ìgbà tó ti débẹ̀ títí tó fi kú, nítorí pé kò sí bẹ́ẹ̀dì fún un.'"

Ìró títẹ̀ náà ti dákẹ́.

"Ọpẹ́ kọ́ nìyẹn!" Festus ti dìde dúró. "Ẹ̀sùn nìyẹn!"

Attracta fi ọwọ́ bo ẹnu fóònù. "Ọpẹ́ ni, Ọ̀gá. Ibi tí wọ́n ti ṣoore fún wa ni mo sọ."

"Yọ orúkọ mi kúrò. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́. Ibi ìjókòó iwájú ni mo máa ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, Attracta. Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn?"

Ó dé fìlà rẹ̀ tó ṣì tutù, ó sì jáde sínú òjò. Ó gbàgbé ìwé rẹ̀ sórí tábìlì.

"Màmá Geraghty," ni ọmọbìnrin orí fóònù pè é, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ṣé ẹ ṣì wà ńbẹ̀? A ò tíì tẹ irú ẹ̀ rí. Ṣé kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Títẹ̀ náà tún bẹ̀rẹ̀. "Ó dáa. Orúkọ àwọn wo ló máa wà lókè?"

"Attracta, ìyàwó rẹ̀."

"Àti?"

Attracta kọ ẹ̀yìn sí ọmọ rẹ̀, ó dojú kọ ògiri, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyàwó rẹ̀ nìkan."

Ní ibi tiwa, a máa ń ka orúkọ tó wà lókè ọpẹ́ kí a tó ka ìyókù rẹ̀. Bí orúkọ ọmọ kan ṣoṣo tí olóògbé bí kò bá sí níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rò pé ìyá ló ń dáàbò bo iṣẹ́ ọmọ rẹ̀. Wọ́n á ní ìjà ilẹ̀ ni. Wọ́n á ní ọmọ náà ti fẹ́ ta oko kí òkú tó tutù, ọ̀rọ̀ náà á sì wà lọ́rùn Gráinne títí dọjọ́ tí wọ́n á kọ ọpẹ́ tirẹ̀ náà. Attracta mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti rò ó, ó sì yan ìyẹn fún un.

Gráinne yọ wáyà àyọ́nù. Ó wọ aṣọ iṣẹ́ náà bó ṣe gbóná, ó de bọ́tìnnì rẹ̀ títí dé ọrùn, ó fi káàdì tó ní àwòrán rẹ̀ kọ́ àyà. Ó wá na ọwọ́.

"Mọ́mì, ẹ mú un wá."

"Lọ síbi iṣẹ́ ẹ."

"Mo ń lọ. Ẹ mú fóònù wá."

Ìyá rẹ̀ di fóònù náà mú ṣinṣin. Gráinne kò jà á gbà, ó kàn dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó nà. Nígbà tó yá, ìka Attracta tú lára rẹ̀.

"Gráinne nìyí," ló sọ. "Fi orúkọ mi tẹ̀ lé tìyá mi. Gráinne, ọmọ rẹ̀."

"Mo ti kọ ọ́." Ọmọbìnrin náà tún pè é. "Gráinne, jọ̀ọ́, má bínú o. Ìyá mi tó mọ̀ yín ní o ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ṣé ọ̀rọ̀ kọ́rídọ̀ yìí dá ẹ lójú? Mo lè yọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Má yọ ọ́," ni Gráinne wí. "Kọ́rídọ̀ yẹn ni wọ́n fi mí sí lọ́sàn-án òní."